Bàtá kì í ṣe bàtà: Iṣẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ àwọn tó ń forúkọ ìwé sílẹ̀ ní yunifásítì

Bí wọ́n bá dárúkọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú tó múlé gbe Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlù bàtá ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ìlù yìí ti gbé àwọn ọmọ àyàn àti ọ̀jẹ̀ ìlú náà dé òkè òkun. Debra Klein, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tilẹ̀ kọ odidi ìwé lé wọn lórí. Yorùbá Bàtá Goes Global ni orúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago ló sì gbé e jáde lọ́dún 2007.

Àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ilé ìkàwé yunifásítì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Òṣìṣẹ́ yìí ni yóò kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún tí ìwé jáde àti ohun tó dá lé, kó tó fún un ní nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí yóò wà lórí pẹpẹ. Ìwé tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ wà nínú ilé, kò yàtọ̀ sí èyí tó sọnù.

Láyé àtijọ́, orí káàdì ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì tí à ń fi sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tó bá fẹ́ kó pé ní láti fi báírò sàmì sí i. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi máa parí, Henriette Avram àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá tó wà ní Washington, ti ṣe ètò MARC, tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ka ohun tó wà lórí káàdì.

Kọ̀ǹpútà yá ju káàdì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ka àmì ohùn sí bí wọ́n bá ń wá ìwé. Bí èèyàn bá tẹ "bata", ìlù bàtá àti bàtà tí à ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ lè jọ jáde. Bó bá tẹ "erin", ó lè rí ẹranko inú igbó, ẹ̀rín ẹnu àti orúkọ ìlú. Ìlú gan-an ju ẹyọ kan lọ: Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà, Ẹ̀rìn-Ilé sì wà ní ìpínlẹ̀ Kwara.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá ni yóò yẹ inú ìwé wò, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlù ni bàtá yìí, pé Ẹ̀rìn ti Ọ̀ṣun sì ni.

Ìwé tó ti òkè òkun wá kò nira púpọ̀, nítorí wọ́n lè da àkọsílẹ̀ tí Washington ti ṣe kọ. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lórí oríkì, ìlù tàbí ìtàn ìlú rẹ̀ kò rí ibi tí wọ́n ti lè da tirẹ̀ kọ. Bí wọn kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tí yóò bá wọn ṣe é.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà, kí àgbà náà sọ fún un pé kó kọ orúkọ ìlú ní kíkún pẹ̀lú àmì rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé máa ń kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ọmọ àgbà yẹn yóò gbà rí ọ̀rọ̀ bàbá ńlá rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.