Nígbà tí ìlú bá pín sí méjì, kí là ń wá lọ síbi àjọ̀dún ìwé?

Gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń bi wá ní Glazoué níbí: «Ọ̀gá, ìlú ń gbóná, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ìwé. Ṣé ìwé ló máa tu ìlú lára?» Àwọn ọmọ tí àwa náà ń kọ́ láti di olùkọ́ ni wọ́n, nítorí náà a ò lè fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ìbò ààrẹ ku ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn dí ọ̀nà ńlá ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tó ń ti Kútọnu lọ sí Parakou ò rí ọ̀nà gbà. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun wá ṣí ọ̀nà, wọ́n yìnbọn, ẹ̀mí sì lọ. Ọ̀nà yẹn kan náà ló la Glazoué kọjá. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn kan ní ẹbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n wọn ò kíra wọn.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àjọ̀dún ìwé lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe.

Kí ló ń jẹ́ àjọ̀dún ìwé gan-an?

Kì í ṣe ọjà ìwé nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tà á níbẹ̀. Òǹkọ̀wé á jókòó níwájú èrò, á ka díẹ̀ nínú ohun tó kọ, ẹnì kan á bi í ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé míkírò fún àwọn tó wá gbọ́. Ìgbà tí míkírò bá dọ́wọ́ èrò ni iṣẹ́ gidi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹni tó bá tako olórí, wọ́n lè lé e síta. Níbi àjọ̀dún ìwé, èèyàn méjì tí wọn ò dìbò fún ẹnì kan náà lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí ẹni inú ìtàn. Kò sẹ́ni tó máa lọ dáná sun ilé ẹni inú ìtàn.

Abẹ́òkúta, 2014

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, a lọ sí Aké Arts and Book Festival, tí Lola Shoneyin dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2013, kó tó kó o lọ sí Èkó ní 2018. A gba Bohicon, a gba Kétu, a kọjá ẹnubodè Ìlárá, a wọ Ìmẹ̀kọ. Nàìjíríà gbóná nígbà yẹn. Oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok, ìbò láàrin Goodluck Jonathan àti Muhammadu Buhari sì ti ń kanlẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀ wa, àwọn èrò méjì jà lórí ẹ̀ títí dẹ́rẹ́bà fi ní òun á já àwọn méjèèjì sílẹ̀ sínú igbó.

Orúkọ ìbò ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe àjọ̀dún náà ń jẹ́: June 12 Cultural Centre. Ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 ni, èyí tí M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, ń wọlé nínú ẹ̀ kí ìjọba ológun tó wọ́gi lé e. Orúkọ ọgbẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ní ká gbàgbé òṣèlú ká tó wọlé. Wọ́n sọ̀rọ̀ òṣèlú dáadáa, àmọ́ ẹnì kan á sọ tirẹ̀ tán kí ẹlòmíràn tó fèsì. Gẹ̀ẹ́sì tiwa ò já geere. Yorùbá ló gbà wá: ẹni tó bá jókòó tì wá á ṣàlàyé fún wa, àwa náà á sì sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀.

Kampala, 1962: ta ni wọn ò pè?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1962, àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà pé jọ sí Makerere ní Kampala. Chinua Achebe, Wole Soyinka, Christopher Okigbo àti J.P. Clark lọ láti Nàìjíríà. Ẹ wo ìgbà tó bọ́ sí: òpin oṣù karùn-ún ni wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ti ju àga lu ara wọn ní Ìbàdàn torí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá.

Síbẹ̀, ìpàdé náà pín àwọn èèyàn lọ́nà tirẹ̀. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n pè. D.O. Fágúnwà ṣì wà láyé, àmọ́ Yorùbá ló fi ń kọ̀wé. Ngũgĩ wa Thiong'o, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ráyè wọlé torí àwọn ìtàn kéékèèké tó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kaduna, 2017: ta ló ń sanwó?

Ní oṣù keje ọdún 2017, wọ́n ṣe àjọ̀dún ìwé àkọ́kọ́ ní Kaduna, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ṣe ìrànlọ́wọ́. Àwọn kan ní kò yẹ kí òǹkọ̀wé lọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Àwọn mìíràn ní ibi tó ń dunni gan-an ló yẹ kí ìwé lọ. Lójú tiwa, ẹni tó lọ àti ẹni tó kọ̀, kò sí òmùgọ̀ nínú wọn. Ká tó lọ síbikíbi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló ń sanwó? Ṣé a lè bi í ní ìbéèrè tí kò fẹ́? Ta ni wọ́n fi síta? Tí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì bá jẹ́ «rárá», ká jókòó sílé.

Àwa náà ńkọ́?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn kan tó gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà, ní èdè tirẹ̀: Ìdáàṣà, Mahi, Ṣábẹ̀ẹ́, Fọ̀n. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n kà á sókè lábẹ́ igi. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan ń ka ìtàn ìjàpá, ló bá gbàgbé ìparí rẹ̀. Ọmọkùnrin tí kò kí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló parí ìtàn náà fún un, torí ìyá àgbà tirẹ̀ náà ti pa á fún un rí.

Wọn ò di ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ náà, èrò wọn nípa ìbò ò sì yí padà. Àmọ́ ní Mọ́ńdè, wọ́n kíra wọn káàárọ̀. Ìwé ò lè dá òkú padà, kò sì lè ka ìbò. Ó lè mú kí èèyàn méjì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn tán. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n bá pè yín síbi àjọ̀dún ìwé, ẹ bi ìbéèrè mẹ́ta yẹn kí ẹ tó dáhùn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sì pè yín, ẹ wá igi tó ní ìbòòji.