Odídẹrẹ́ Ń Dínkù Nínú Igbó: Níbo Ni Ìkóódẹ Ọ̀la Yóò Ti Wá?

Kò sí ilé òrìṣà tí wọn kò ti mọ iyì ìkóódẹ. Ìyẹ́ pupa kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi í síwájú orí ìyàwó òrìṣà, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé orí náà ti kúrò ní orí lásán. Àwọn tí wọ́n kó rékọjá òkun lóko ẹrú kò gbàgbé rẹ̀. Ìkóódẹ náà ni àwọn Lùkùmí ní Cuba ń wá tí ọmọ tuntun bá fẹ́ wọlé òrìṣà. Ní Brazil, ekodidé ni àwọn ọmọ Candomblé ń pè é títí dòní. Ní 1966, Mestre Didi, àgbà ẹlẹ́sìn àti oníṣẹ́ ọnà ní Salvador, tẹ ìwé kan jáde lórí ìdí tí Òṣàlá, tó jẹ́ pé funfun ni tirẹ̀, fi ń lo ìyẹ́ pupa yìí.

Ẹyẹ tó ni ìyẹ́ náà ló wá ń tán lọ. Kì í ṣe àhesọ, kì í sì í ṣe pé ojú àwọn àgbà ló ń tàn wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n bá ní odídẹrẹ́ pọ̀ nígbà èwe àwọn ju báyìí lọ. Àwọn kan ti wọ inú igbó lọ kà á, wọ́n sì tún padà lọ kà á lẹ́yìn ọdún gígùn. Ohun tí kíkà náà fi hàn kan gbogbo ilé tó bá ń retí pé òun yóò ṣì máa fi ìkóódẹ sórí ọmọ lẹ́yìn 30 ọdún sí àkókò yìí.

Ẹyẹ tí kì í yára bímọ

Nílẹ̀ Yorùbá, ta ló lè dárúkọ Ìwó kó má rántí odídẹrẹ́? Àmọ́ ilé ẹyẹ náà gbòòrò ju ilẹ̀ Yorùbá lọ. Láti ìhà ìlà-oòrùn Côte d'Ivoire títí dé ìwọ̀-oòrùn Kenya ni igbó tí odídẹrẹ́ onírù pupa ń gbé. Ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ Timneh wà ní Liberia àti Sierra Leone, ṣùgbọ́n pupa ìrù tirẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn onímọ̀ sì ti yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà mìíràn.

Orí igi gíga, nínú ihò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni odídẹrẹ́ ń yé ẹyin sí. Kì í gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀, nítorí náà bí igi ńlá kò bá sí, ìtẹ́ kò sí. Ẹyin méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń yé, ọmọ rẹ̀ á sì lo bí oṣù mẹ́ta nínú ihò kó tó lè fò. Lẹ́yìn náà, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún gbọ́dọ̀ kọjá kí ọmọ náà tó di ẹni tó ń bímọ. Ẹyẹ tó ń pẹ́ láyé ni. Àwọn tí wọ́n ń sìn nínú ilé máa ń lò ju 40 ọdún lọ nígbà mìíràn. Ẹ̀dá tó ń pẹ́ láyé, tó sì ń bímọ díẹ̀, kò rí bí adìyẹ tí ọmọ rẹ̀ kún ilẹ̀ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá mú àgbà rẹ̀ kan lọ, ó máa ń pẹ́ kí òmíràn tó dípò rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ẹyẹ tó ń fò?

Kò sí ẹni tó lè to odídẹrẹ́ sórí ìlà kó kà á. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ní ìwà kan tó ń ran olùkà lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọ̀wọ́ odídẹrẹ́ láti ọ̀nà jíjìn máa ń padà síbi kan náà láti sùn, ọgọ́rùn-ún mélòó kan lórí àwọn igi tàbí ọ̀pẹ kan náà, lálaalẹ́, fún ọdún púpọ̀. Àwọn olùkà á dúró níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀, wọ́n á sì máa ka gbogbo ọ̀wọ́ tó bá ń wọlé.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n rìn nínú igbó àti oko fún iye wákàtí tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ iye odídẹrẹ́ tí wọ́n rí tàbí tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì pín in sí wákàtí. Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n bi àgbẹ̀, ọdẹ àti àwọn àgbà abúlé léèrè.

Ohun tó fún kíkà yìí lágbára ni pé kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kà níbi tí ẹni àkọ́kọ́ ti kà, kó sì kà á lọ́nà kan náà. Bí ọ̀nà bá yàtọ̀, ẹnikẹ́ni lè wí pé olùkà ni kò ríran dáadáa, kì í ṣe ẹyẹ ló dínkù.

Ghana: 1992 àti ogún ọdún lẹ́yìn náà

Ghana ni wọ́n ti ṣe irú kíkà yìí lọ́nà tó hàn kedere jù. Ní 1992, wọ́n ka odídẹrẹ́ jákèjádò igbó ilẹ̀ náà. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Nathaniel Annorbah àti àwọn olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Nigel Collar àti Stuart Marsden, tún padà lọ. Ní 2016 ni ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ́ Ibis gbé àbájáde wọn jáde.

Ibi ìsùn mẹ́ta wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní odídẹrẹ́ 700 sí 1,200 nígbà kíkà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, ẹyẹ 18 péré ni wọ́n rí níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀. Nínú nǹkan bí 150 wákàtí tí wọ́n fi rìn, ìpíndọ́gba odídẹrẹ́ tí wọ́n rí jẹ́ 0.15 ní wákàtí kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn ní láti rìn fún bíi wákàtí méje kó tó rí ẹyọ kan. Èyí kéré ní ìlọ́po 15 sí ohun tí wọ́n ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n bi ènìyàn 906 léèrè kárí igbó náà, ohùn àwọn ènìyàn náà sì bá ti kíkà mu. Àbájáde rẹ̀ ni pé láàárín ogún ọdún, nínú odídẹrẹ́ 100 tó wà ní Ghana, 90 sí 99 ti lọ. Àwọn olùwádìí náà kò sì rí ẹ̀rí pé ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 2016 kan náà ni àjọ IUCN kọ orúkọ odídẹrẹ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun.

Kí ló dé tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ fi lè ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo? Ìdí méjì wà. Èkíní, ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 1992 kò rí ọ̀wọ́ 1,000 rí. Bó bá rí márùn-ún tó ń fò kọjá, lójú tirẹ̀, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Èkejì, àgbà odídẹrẹ́ lè ṣì máa fò káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ọmọ kò sí mọ́. Ó dà bí agbo ilé tí àwọn àgbà rẹ̀ ṣì ń jókòó síta lálaalẹ́, àmọ́ tí igbe ọmọ tuntun kò tíì dún níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rò pé ilé kún. Kíkà láti ọdún dé ọdún ló ń tú àṣírí irú ilé bẹ́ẹ̀.

Àtè, àkéte àti ààké

Ohun méjì ni àwọn ará Ghana náà sọ jù pé ó fà á: títa ẹyẹ fún àwọn tó fẹ́ sìn ín nínú ilé, àti gígé àwọn igi gíga inú oko. Láàárín 1982 sí 2001, ó ju odídẹrẹ́ inú igbó 657,000 lọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n tà sókè òkun. Àwọn tó kú sínú àtè, sínú àpò àti sínú àgò kí wọ́n tó dé pápákọ̀ òfurufú kò sí nínú iye yẹn.

Àwọn àgbà máa ń ṣàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Àdúrà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun ti gbà sórí ni. Ẹyẹ tí wọ́n fi ń ṣe àdúrà náà ló wá ń kú sóko ìwájẹ lójoojúmọ́ báyìí, nítorí ibi tó ti ń jẹun àti ibi tó ń sùn ni wọ́n ń dẹ àtè sí.

Bí wọ́n ṣe ń mú un tún ṣe pàtàkì. Ní erékùṣù Príncipe, odídẹrẹ́ ṣì pọ̀ gan-an. Níbẹ̀, ọmọ inú ìtẹ́ ni wọ́n máa ń mú láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìtẹ́ sì wà lórí igi tí ọwọ́ kò tó. Àwọn àgbà ẹyẹ ṣẹ́kù láti tún bí. Àtè tí wọ́n dẹ síbi ìsùn kò mọ ọmọ, kò mọ ìyá. Ọ̀wọ́ ló ń kó.

Ìpín àwọn ẹlẹ́sìn

Òtítọ́ ni pé kì í ṣe ẹlẹ́sìn òrìṣà ló kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún odídẹrẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí tí a ó fo ọjà lékulẹ́ja. Níbẹ̀, wọ́n ń ta orí odídẹrẹ́, wọ́n ń ta odindi ìrù. Ẹyẹ tí wọ́n gé orí rẹ̀ kò tún ní yé ẹyin mọ́. Nígbà tí ẹyẹ pọ̀, ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn ń mú kò hàn. Nígbà tí ó ṣẹ́ ku 18 níbi tí ẹgbẹ̀rún wà, ẹyọ kan tí wọ́n pa nítorí ìyẹ́ di ohun ńlá.

Òfin náà ti yí padà. Níbi ìpàdé CITES ní Johannesburg, ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè gbé odídẹrẹ́ lọ sí ìpele tó le jù nínú àdéhùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017. Òfin yìí kò mọ sórí ẹyẹ tó wà láàyè nìkan. Ìyẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá di ìkóódẹ sínú àpótí láti Èkó wá sí London tàbí New York láìgba ìwé àṣẹ ń fi ẹrù rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ wéwu. Òfin títà àti òfin fífúnni lọ́fẹ̀ẹ́ sì lè yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì, nítorí náà ó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ ìjọba ibi tó wà.

Ìyẹ́ láìpa ẹyẹ

Ìyẹ́ pupa 12 ló wà ní ìrù odídẹrẹ́ kan. Bí wọ́n bá pa á, 12 ni wọ́n rí, ó parí. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ẹyẹ máa ń re fúnra rẹ̀, tuntun á sì hù. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà péré ló ń já bọ́ lọ́dún tó ṣeé lò, odídẹrẹ́ kan tí wọ́n sìn fún 30 ọdún yóò ti fún ilé ní 180, yóò sì ṣì máa sọ̀rọ̀. Fífa ìyẹ́ tu kò sí nínú èyí o. Ó ń dun ẹyẹ, ó sì lè ṣẹ̀jẹ̀.

Ní Britain, Amẹ́ríkà àti Brazil, ọ̀pọ̀ odídẹrẹ́ tí wọ́n bí sínú ilé wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó ń gbá ìyẹ́ pupa dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀sìn mìíràn rí. Láti àwọn ọdún 1980, Jonathan Reyman ní Illinois bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń gba ìyẹ́ tó re lára àwọn ẹyẹ macaw lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n àti lọ́wọ́ ọgbà ẹranko, tó sì ń fún àwọn Pueblo ní New Mexico lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìsìn ìbílẹ̀ wọn. Ilé òrìṣà mélòó kan tó wà nítòsí ara wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí òfin ibẹ̀ bá gbà á.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá àṣẹ wà lára ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n bí sínú àgò. Àwọn àgbà ilé kọ̀ọ̀kan ló ni ìdáhùn, Ifá sì wà níbẹ̀ fún wọn láti bi. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n béèrè nígbà tí ẹyẹ ṣì wà nínú igbó.

Àwọn ẹlẹ́sìn náà lè kà

Kíkà kò mọ sọ́wọ́ àwọn onímọ̀ nìkan. Ní Nàìjíríà, ètò kan wà tó ń jẹ́ Nigerian Bird Atlas Project, tí ilé-ẹ̀kọ́ APLORI ní Jos wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí àwọn igun kéékèèké, àwọn olùfínnúfíndọ̀ sì ń fi fóònù kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí nínú igun kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń lọ sílé fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ lè wà lára wọn. Bí kò bá tilẹ̀ rí odídẹrẹ́, àkọsílẹ̀ pé wọ́n wá a, wọn kò rí i, wúlò fún ẹni tí yóò kà lẹ́yìn 20 ọdún.

Igbó òrìṣà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Igi ńlá tó ní ihò ni odídẹrẹ́ ń wá, àwọn igbó tí èèwọ̀ dáàbò bò sì wà lára ibi díẹ̀ tí irú igi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù sí. Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn tí orúkọ wọn kò jáde sí ìwé kankan pọ̀ jù ú lọ, owó ìtọ́jú tí ọmọ ilé bá fi ránṣẹ́ láti òkèèrè sì ń dá ààké dúró níbẹ̀.

Nínú ilé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tó. Ìkóódẹ mélòó ni wọ́n lò lọ́dún yìí? Ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbà á? Ṣé ẹyẹ tó ni ín ṣì wà láàyè? Ní ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n béèrè ìbéèrè kan náà, kí wọ́n sì fi èkíní wé èkejì.