Ta Ni Ká Fi Síwájú Ìsọ̀?

Ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ìsọ̀ ní Sábóńgàrí Kánò, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá wa tajà ni mo mú wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé dé ni a sábà máa ń fi síwájú, nítorí pé ẹbí ni. Èyí ń pa ọjà lára. Oníbàárà Haúsá á bèèrè pé “Nawa ne?”, á sì ná ọjà. Bí iye tó ná kò bá tó, ẹni tó gbọ́ èdè á dáhùn pé “Albarka.” Oníbàárà mọ̀ pé kò gbà nìyẹn, á fi díẹ̀ lé e. Àlejò ọmọ á lejú, á ní “Kò gbà!” Oníbàárà ti dé ìsọ̀ kejì.

Ẹni tó gbọ́ Haúsá ni kó jókòó síwájú, ì báà ṣe ọmọ aládùúgbò. Kí ọmọ ẹbí máa wọn ọjà lẹ́yìn títí yóò fi gbọ́ èdè. Ẹni tó mọ̀wé ni kó máa kọ àwìn sílẹ̀. Irú wọn ni mo ń rí tó ń ru ẹrù kiri ní stéṣọ̀n wa.

Ẹ̀gbọ́n yín nílé lè bínú. Ẹ tètè ránṣẹ́ sí i kí ọmọ náà tó ránṣẹ́.