Òróró Habatusáúdà T'á À Ń Tà: Kí Ni Ìwádìí Rí Nípa Rẹ̀ Fún Awọ Ara?

 

Bí ẹ bá rìn dé ìlà àwọn t'ó ń ta ọṣẹ àti ìpara, kò sí ìsọ̀ tí ẹ ò ti ní rí ìgò kékeré t'ó ní òróró dúdú nínú. Habatusáúdà ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní black seed. L'áyé ijọ́un, ọwọ́ àwọn t'ó bá ti Mẹ́kà dé l'a ti máa ń rí i. Ní báyìí, ó ti di ọjà gbogbo ènìyàn. Oníbàárà ní irorẹ́, a ó tà á fún un. Ọmọ ń họ ara, a ó tà á fún ìyá rẹ̀. Àbàwọ́n funfun yọ s'étè, òun náà ni. Ṣé gbogbo rẹ̀ l'ó rí bẹ́ẹ̀?

Ohun t'ó mú wa béèrè nìyí. Àlhájà kan nínú wa ta ìgò kan fún ọmọge kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà padà dé, ojú wú, ó pọ́n, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ṣí. "Màámi, ẹ̀yin l'ẹ ní kò l'éwu o!" Èrò pé lé wọn l'órí. Àlhájà dá owó padà, ó tún fún un l'ówó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bẹ́ẹ̀ òróró náà kì í ṣe ayédèrú. Inú páálí kan náà l'Àlhájà ti mú èyí t'ó ń fi pa ara tirẹ̀, kò sì ṣe é ní nǹkankan.

Wóró yìí kì í ṣe ọmọ àná. Àwọn Mùsùlùmí inú wa mọ ohun tí Ànábì sọ nípa rẹ̀, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ìwádìí l'a ń sọ. Ní 1963, onímọ̀ ará Íjíbítì kan, El-Dakhakhny, yọ èròjà kan jáde nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thymoquinone. Èròjà yìí máa ń mú kí ibi t'ó wú, t'ó gbóná, rọlẹ̀, ó sì ń bá àwọn kòkòrò àìsàn kan jà. Ṣùgbọ́n inú ìgò àyẹ̀wò àti ara ẹranko ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú èyí. Ara ènìyàn ńkọ́?

Ní 2013, àwọn dókítà ilẹ̀ Ìránì tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó 60 ènìyàn jọ tí ẹ́síìmà ń dà láàmú l'ọ́wọ́, èyí tí ọwọ́ fi ń yún, tí ń gbẹ, tí ń là. (Ẹ̀yin ẹlẹ́ja tútù t'ẹ́ ẹ ń ki ọwọ́ bọ omi láti àárọ̀, ẹ mọ ohun t'á à ń wí.) Wọ́n pín wọn s'ọ́nà mẹ́ta. Apá kan ń lo ìpara habatusáúdà, apá kejì ń lo betamethasone, apá kẹta ń lo Eucerin, tí kò ní oògùn nínú. Ẹ̀ẹ̀mejì l'ójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 4. Nígbà tí wọ́n yẹ ọwọ́ wọn wò, habatusáúdà ṣe dáadáa tó betamethasone, àwọn méjèèjì sì ju Eucerin lọ.

Betamethasone yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn tíúbù tí wọ́n ń rà pò mọ́ ìpara láti fi bó ara, t'ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ènìyàn bá pẹ́ l'órí rẹ̀. Kì í ṣe ohun kékeré pé òróró inú wóró bá a dọ́gba.

Ìránì náà ni, ní 2014: ènìyàn 52 t'ó ní àbàwọ́n funfun l'ára. Àwọn kan lo òróró yìí, àwọn kan lo òróró ẹja, fún oṣù 6. Habatusáúdà l'ó ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn àbàwọ́n náà kúrò l'órí 4.98, ó bọ́ sí 3.75. Ó dínkù, kò lọ. Ẹni t'ó bá ní oṣù kan l'ó máa fi parẹ́, irọ́ l'ó pa.

Ènìyàn 60, ènìyàn 52: èrò inú bọ́ọ̀sì kan nìyẹn. Kò sì sí èyí nínú méjèèjì t'ó wádìí bí ara ṣe máa pupa. Ẹ dákun, ẹ yéé kọ ọ́ s'ára páálí pé ó ń mú ara pupa.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọmọge Àlhájà. Ní 1997, àwọn dókítà Jámánì ti kọ̀wé nípa ẹni tí ara rẹ̀ kọ òróró yìí lẹ́yìn t'ó fi pa ara. Ní 2018, àwọn ti Faransé kọ nípa èyí t'ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí awọ ń bó. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n a ò lè fojú mọ̀ wọ́n. Kí oníbàárà kán ẹ̀kán kan sí inú apá, níbi tí apá ti ń ṣẹ́, kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bó bá yún tàbí tó pọ́n, kó má fi kan ojú. Ti egbò t'ó là àti ti ọmọ jòjòló, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ tún wo ara páálí. Púpọ̀ nínú oògùn ìbílẹ̀ tí NAFDAC fún ní nọ́ńbà ni wọ́n kọ ọ́ sí lára, ní lẹ́tà wínníwínní, pé NAFDAC kò tíì yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Àlhájà ṣì ń ta tirẹ̀. Ìgò kan wà ní ṣíṣí l'órí tábìlì rẹ̀ báyìí. Ẹni t'ó bá fẹ́ rà á, á kán an sí i l'ápá, á ní kó padà wá l'ọ́túnla. Àwọn kan ń bínú, wọ́n ń lọ rà á ní ìsọ̀ kejì. Ọmọge yẹn náà padà wá, ojú rẹ̀ ti jinná. Òrí l'ó rà.