Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Sọ Oúnjẹ Di Agbára

Inú sẹ́ẹ̀lì ni agbára tí ọkàn fi ń lù, tí ọpọlọ fi ń ronú, tí iṣan sì fi ń gbé ẹrù ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n òun ni a fi kọ́ gbogbo ara. Oúnjẹ kì í di agbára ní kété tó bá dé ikùn. Inú àti ìfun ní láti kọ́kọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì àti búrẹ́dì máa ń di ṣúgà tí à ń pè ní glúkóòsì. Òróró àti ọ̀rá máa ń di ásíìdì ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì.

Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò lè ná glúkóòsì bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ná ni èròjà kan tó ń jẹ́ ATP, èyí tí Karl Lohmann, onímọ̀ ará Jámánì, rí nínú iṣan ní ọdún 1929. Fọ́sífétì mẹ́ta ló so kọ́ra wọn lára ATP. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, omi yóò já ẹyọ kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, agbára yóò sì jáde. Ohun tó kù ni ADP. Agbára oúnjẹ ni sẹ́ẹ̀lì fi ń dá fọ́sífétì náà padà sí àyè rẹ̀, kí ATP lè tún wà.

ATP kò ṣeé kó pamọ́. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun yòókù lọ. Èyí tó wà nínú ara àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan náà kò tó kílò kan rárá, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ara ń ná láàárín ọjọ́ kan tó ìwúwo ara náà fúnra rẹ̀. Èyí kan náà ni ara ń ná, tó ń tún ṣe, tó tún ń ná. Bí àtúnṣe yìí bá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ewu ti dé bá ọpọlọ àti ọkàn nìyẹn.

Ìpele àkọ́kọ́ kò nílò ọ́síjìn. Sẹ́ẹ̀lì yóò la glúkóòsì kan sí méjì, yóò sì rí ATP méjì péré jẹ lórí rẹ̀. Ìpele yìí nìkan ni sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ gbára lé, nítorí náà kì í ná nínú ọ́síjìn tó ń gbé kiri. Iṣan ẹni tó ń sá eré àsápajúdé náà máa ń lò ó gan-an.

Ibi tí èrè gidi wà ni mitokọ́ńdíríà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Nínú wọn, oúnjẹ yóò jó tán pátápátá, afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ènìyàn ń mí síta yóò sì jáde lára rẹ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti ara oúnjẹ wá yóò máa bọ́ láti ọwọ́ purotéènì kan sí òmíràn lára awọ inú mitokọ́ńdíríà. Bí wọ́n ti ń bọ́ lọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ti háídírójìn sí òdìkejì awọ náà, títí tí ibẹ̀ yóò fi kún fọ́fọ́. Ojú ọ̀nà tí háídírójìn lè gbà padà ni purotéènì kan tó ń yí bírí bí háídírójìn ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Yíyí kọ̀ọ̀kan ń mú ATP mẹ́ta jáde. Ní ìparí ọ̀nà, ọ́síjìn ló ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà, tó sì ń di omi. Peter Mitchell, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní ọdún 1961. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1978. Nǹkan bí ọgbọ̀n ATP ni glúkóòsì kan ń mú wá báyìí.

Oúnjẹ tí ara kò tíì nílò ni ó máa ń tọ́jú. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà lè tọ́jú ṣúgà tó tó 100 gíráàmù, iṣan náà sì lè tọ́jú tó 400, àmọ́ ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọpọlọ. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti ṣúgà ní 4, nítorí náà ọ̀rá ni ara ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́. Ti ẹ̀dọ̀ ọmọdé kéré púpọ̀. Ọmọ tí ibà líle dá gúnlẹ̀, tí kò jẹun, tí kò mu ọmú, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Bí ó bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀la.

Májèlé kan wà tó ń dí ìparí ọ̀nà mitokọ́ńdíríà pa: sáyánáìdì. Ọ́síjìn á wà nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní lè lò ó. Ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá èyí tó korò, ní èròjà tó ń di sáyánáìdì. Nígbà tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́, májèlé náà yóò já kúrò níbi tó so mọ́. Bó ti ń kan nínú àpò lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ mélòó kan, apá kan yóò bá omi rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá sì ń yan án, èyí tó kù yóò bá ooru gbéra, torí pé nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Gààrí tí wọ́n yan lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n rin ín kò tíì rí àyè yọ májèlé rẹ̀ kúrò dáadáa. Ti láfún náà rí bẹ́ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ rẹ nínú omi títí yóò fi rọ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn náà kú tìpìrì, ìrìn wọn ń tàsé, ojú àti etí wọn ń kú lọ. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, Ọ̀ṣúntókun sì tọ́ka sí sáyánáìdì inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣeé ṣe kó fa àìsàn náà. Ara máa ń lo sọ́fọ̀ inú purotéènì láti sọ sáyánáìdì díẹ̀ di ohun tí ìtọ̀ lè gbé jáde, nítorí náà ó yẹ kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà máa bá ẹ̀bà rìn. Ẹni tí èébì, òòyì tàbí èémí líle bá mú láàárín wákàtí díẹ̀ tó jẹ ẹ̀gẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tó jẹ fún dókítà.