Iyanrìn Tó Ń Pa Kòkòrò

Iyanrìn kì í wọ́n ní Awoyaya. Àárín ọ̀sà àti òkun ni ìlú wà; ibi téèyàn bá ti ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, iyanrìn ni, omi ò sì jìnnà nísàlẹ̀. Omi tó ṣeé mu lójú ẹsẹ̀ ló wọ́n. Ìdí nìyẹn tí asẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ Penn State ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ní 2012 fi wù mí: iyanrìn àti hóró èso mòríńgà, zogale lẹ́nu àwọn Haúsá, ni gbogbo ohun èlò rẹ̀.

Èso yìí ti pẹ́ nídìí omi. Àwọn obìnrin Sudan máa ń gún un sínú omi Náílì tó dàrú kó lè tòrò, bí àwa ṣe ń fi álọ́ọ̀mù sí omi kànga. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé oúnjẹ ni èso: èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú omi á máa bọ́ kòkòrò, omi àná á sì bàjẹ́ lónìí. Asẹ́ yìí yẹ ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n á gún èso, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á da omi rẹ̀ sórí iyanrìn, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣan iyanrìn. Ìyókù á bá omi lọ. Puróténì kékeré kan á lẹ̀ mọ́ iyanrìn. Iná ara puróténì dà bíi ti orí bátìrì, ti iyanrìn dà bíi ti ìdí rẹ̀; wọ́n ń fa ara wọn.

Iná ìdí bátìrì náà ló wà lára bakitéríà, nítorí náà tó bá bá omi kọjá, puróténì á gbá a mú. Ọ̀rá ni awọ tó bo bakitéríà. Ẹyọ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní orí tó fẹ́ràn omi àti ìrù tó kórìíra rẹ̀, wọ́n sì tò ní ìpele méjì tó fẹ̀yìn tira: orí kọjú sí omi, ìrù sá pamọ́ sáàárín. Kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù. Ìkórìíra omi ló mú wọn wà pọ̀. Apá kan lára puróténì mòríńgà á wá lẹ̀ mọ́ orí ọ̀rá, apá kejì tó fẹ́ràn ọ̀rá á ki ara rẹ̀ bọ àárín ìrù.

Bakitéríà bíi E. coli ní awọ méjì, tòde àti tinú. Ní 2015, àwọn onímọ̀ Penn State rí i pé puróténì yìí ń mú kí awọ àti awọ yọ́ pọ̀, bí ẹ̀kán epo méjì lójú ọbẹ̀ ṣe ń kanra tí wọ́n á di ọ̀kan. Ohun inú bakitéríà á tú síta, ó parí. Ojú òde awọ sẹ́ẹ̀lì tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ ní iná yẹn, kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù sì tún mú un ki, nítorí náà kò rọrùn fún puróténì yìí láti wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, èmi á ṣì se omi náà kí n tó mu ún. Asẹ́ yìí kò sì lè yọ iyọ̀. Kódà iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀: bí iyanrìn bá ti kún, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣàn án kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá súnmọ́ òkun, kó kọ́kọ́ tọ́ omi rẹ̀ wò.