Ṣé o mọ̀? Bí ilé ṣe hù lórí omi ní Ìwáyà

Ṣé o mọ̀ pé àrùn wà lára ohun tó ti ilé gbígbé dé apá Yábàá? Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, àjọ náà sì pín ilẹ̀ Yábàá sí púlọ́ọ̀tì.

Ìwáyà, tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá, kò rí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ oko àti ẹja ni. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962, tó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Akọkà nítòsí, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń wá yàrá, onílé kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ìṣirò.

Etí ọ̀sà gan-an ni ìtàn ti dùn. Àwọn tó ń kọ́lé níbẹ̀ kò dúró de katakata ìjọba. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn ń tú jáde níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú nígbà náà ní Oko Bàbà, Èbúté Mẹ́ta, ni wọ́n ń kó, pẹ̀lú pàǹtírí. Wọ́n á dà á sínú àbàtà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á da yanrìn lé e, wọ́n á kọ́lé. (Ẹnjiníà tí kò ní ìwé ẹ̀rí ni mo ka àwọn wọ̀nyẹn sí.) Àmọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa rì, òjò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ní 2006, Ìwáyà wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ fi owó tó yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé tún ṣe.